Ọ̀NÀ TÍ OÒGÙN Ń GBÀ WỌ INÚ ARA: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Ìdílé Wa

Kò sí ìdílé kan nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí tí kò ní àpótí, agolo tàbí àpò ọ̀rá kan níbi tí a ń kó oògùn sí. Nínú rẹ̀ ni a ó ti bá oògùn ibà tí ó ṣẹ́kù, oògùn ẹ̀fọ́rí, oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn àgbà ń lò. Orúkọ oògùn wọ̀nyí ni a máa ń bèèrè, iye owó wọn ni a sì máa ń jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wa, èyí sì ni pé: Ọ̀nà wo ni oògùn yìí ní láti gbà kí ó tó dé ibi tí àìsàn wà, báwo ni ó sì ti ní láti yára tó? Nítorí pé èmi pàápàá kò bèèrè rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ìyá tí ó bí mi. Ìtàn náà ni n ó kọ́kọ́ sọ, kí n tó sọ ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀.

Ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá wọn fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Oògùn tí oníṣègùn kọ fún wọn ni nifedipine, irú èyí tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́. Wọ́n ń lò ó déédéé, ara wọn sì le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ọ̀fun ń dùn wọ́n, hóró oògùn náà kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún tu ú jáde. Agogo kìíní ti lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni ó sì kàn láti ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ náà. Mo wí pé, “Màámi, ẹ mú un wá, n ó bá yín lọ̀ ọ́.” Wọ́n dáhùn pé, “Ọmọ mi, ǹjẹ́ kò léwu?” Mo ní, “Ewu wo ni ó wà níbẹ̀, Màámi? Ṣebí inú kan náà ni ó ń lọ.” Mo fi ṣíbí méjì tẹ hóró náà títí ó fi di lúbúlúbú, mo dà á sínú ẹ̀kọ mímu, wọ́n sì mu ún tán.

Kò tí ì pé wákàtí kan lẹ́yìn èyí. Bí ìjọ ti dìde láti kọ orin kejì, mo wo apá ibi tí àwọn ìyá ìjọ máa ń jókòó sí, mo sì rí ìyá mi tí wọ́n di àga iwájú wọn mú gírígírí. Òógùn bo ojú wọn, ètè wọn sì gbẹ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣubú. Àwọn kan rò pé ebi ni, àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà lé wọn lórí. Nígbàtí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, iye òkè kò sì pé 80, bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú 140 ni ó jẹ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, wọ́n sì fa omi sí wọn lára.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ apòògùn níbẹ̀ tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bèèrè pé, “Bàbá, báwo ni Màmá ṣe lo oògùn wọn láàárọ̀ yìí?” Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn odindi ọjọ́ kan ni ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan.” Lẹ́yìn náà ó gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi ìka rẹ̀ han lẹ́tà kékeré méjì tí a tẹ̀ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀: SR. Ojú tì mí. Èmi tí mo fi ìwé kíkà àti ìwé kíkọ jẹun láti ìgbà èwe mi, n kò ka lẹ́tà méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí lẹ́tà méjèèjì náà ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé hóró oògùn kò ju ẹ̀tù oògùn tí a tẹ̀ pọ̀ kí ó lè rọrùn láti gbé mì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1843, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Brockedon gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fi agbára tẹ ẹ̀tù di hóró. Ohun tí a fi ń ṣe pẹ́ńsùlù àti oògùn ni ó ṣe é fún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ọgbọ́n ti pọ̀ sí i. Ní ọdún 1952, ilé iṣẹ́ Smith Kline and French ní Amẹ́ríkà gbé oògùn alápò kan jáde, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró wínníwínní wà nínú rẹ̀. Wọ́n kùn wọ́n ní ohun tí ń yọ́, àwọn kan fẹ́lẹ́, àwọn kan nípọn; èyí tí ó fẹ́lẹ́ yóò kọ́kọ́ yọ́, èyí tí ó nípọn yóò sì yọ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn gbé oògùn mì lẹ́ẹ̀kan, oògùn sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Lónìí oríṣiríṣi ọ̀nà ni a ń gbà ṣe irú oògùn afẹ̀sọ̀ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn kan, a po oògùn mọ́ ohun kan tí ó máa ń wú nígbàtí omi bá kàn án, tí yóò sì yọ̀ bí ilá. Oògùn a sì máa gba inú rẹ̀ jáde ní díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, èèpo líle kan ni ó wà lóde, tí a fi ìtànṣán gún ní ihò kan tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Omi inú ara a wọ inú èèpo náà, a sì máa ti oògùn jáde láti ojú ihò náà ní ìwọ̀nba. Nígbàtí oògùn bá tán, èèpo òfìfo náà a bá ìgbẹ́ jáde. Mo mọ àgbà kan tí ó rí i, tí ó sì kọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó wí pé, “Bí ó ti wọlé ni ó ṣe jáde, ẹ ti lù mí ní jìbìtì.” Kò sí jìbìtì kankan níbẹ̀. Ẹrù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ara; agbọ̀n lásán ni ó jáde.

Àwọn bàbá wa wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹni pé nifedipine ni wọ́n ń bá wí. Oògùn yìí kan náà ni a kọ́kọ́ ṣe bí alápò tí ń yára ṣiṣẹ́, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ púpọ̀ a sì máa gún un, kí wọ́n fún un sí abẹ́ ahọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru sókè lójijì. Ẹ̀jẹ̀ náà a wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọpọlọ àti ọkàn a ṣe aláìní ẹ̀jẹ̀ tó, àwọn kan rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn kan sì kú. Ní ọdún 1996 àwọn oníṣègùn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Amẹ́ríkà pé kí a dáwọ́ àṣà náà dúró. Oògùn kan náà ni, àìsàn kan náà ni. Bí ó ti yára tó nìkan ni ó yàtọ̀. Ohun tí ọ̀mọ̀ràn fi ọgbọ́n dá dúró ni mo fi ṣíbí méjì tú sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, tí mo sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, nípa àwọn ọ̀nà tí oògùn ń gbà. Ọ̀nà ẹnu ni ó wọ́pọ̀ jùlọ, òun ni ó sì rọrùn jùlọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí kò ní ìdíwọ́. Omi kíkan inú ikùn wà níbẹ̀, tí ń ba oògùn mìíràn jẹ́. Bí ó bá kọjá níbẹ̀, tí ìfun sì gbà á, ẹ̀jẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn oníbodè ìlú wa àtijọ́, bí wọn ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ gbogbo aláàárù kí wọn tó wọ̀lú, ẹ ó lè mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Oníbodè ni. Nínú oògùn mìíràn díẹ̀ ni ó ń mú. Nínú òmíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹrù tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi oògùn àyà kan tí a ń pè ní nitroglycerin sí abẹ́ ahọ́n títí yóò fi yọ́, tí a kì í gbé e mì; William Murrell ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ̀wé nípa ìlò rẹ̀ fún ìrora àyà ní ọdún 1879. Láti abẹ́ ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ tààrà sí ọkàn láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníbodè. Ẹni tí ó bá gbé e mì nítorí pé kò fẹ́ràn ìtọ́wò rẹ̀ ti fi oògùn rẹ̀ tọrẹ fún ẹ̀dọ̀.

Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ mọ ìdíwọ́ mìíràn. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí ọ̀nà láti mú insulin jáde láti ara ẹran, nígbàtí ó sì di oṣù kìíní ọdún 1922, a fún ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan. Kí ó tó di ìgbà náà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó kú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ jùlọ fi ń gbà á. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn láti máa gún ènìyàn. Insulin dàbí ẹran: bí ó bá dé inú ikùn, ikùn yóò dà á bí ó ti ń da ẹran tí a jẹ, kò sì ní ku ohun kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ dá abẹ́rẹ́ insulin dúró, kí ẹ máa mu àgbo tí òun ń tà dípò rẹ̀, ẹ sá fún un.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sórí ibà, tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé. Oògùn ibà tí ó wọ́pọ̀ jùlọ láàrin wa lónìí ni artemether tí a pò mọ́ lumefantrine. Ẹni àkọ́kọ́, artemether, wá láti ìdí ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ìgbà láéláé, tí obìnrin ọ̀mọ̀wé nì, Tu Youyou, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ agbára rẹ̀ jáde ní ọdún 1972. A sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ó ń yára pa kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ara. Ẹnìkejì, lumefantrine, ni ó ń dúró lẹ́yìn láti pa àwọn tí ó kù. Wàyí o, lumefantrine kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáradára bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ tí a jẹ. Nígbàtí a dán an wò lára àwọn tí ara wọn le, iye tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá jẹ́ ìlọ́po 16 ti ẹni tí ebi ń pa. Kò di dandan kí a pa màlúù. Mílíìkì díẹ̀, àkàrà, tàbí ọbẹ̀ tí epo wà nínú rẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá fi omi lásán lo oògùn náà lórí inú òfìfo, kí ó má ṣe yára sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ìlò mẹ́fà ni ó jẹ́ nínú ọjọ́ mẹ́ta: èkínní lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá ní ọjọ́ kejì, tí ó sì pa ìyókù mọ́ fún ìgbà mìíràn, kò jẹ́ kí oògùn méjèèjì parí iṣẹ́. Ó ti dá wọn dúró ní àárín ọ̀nà. Fún àwọn ọmọdé, láti ọdún 2009 ni a ti ń ṣe irú rẹ̀ kan tí ń tú nínú omi díẹ̀. Ẹ kíyèsí i: èyí ni a dá kí a lè pò ó mọ́ omi. Nítorí náà kì í ṣe pé gbogbo hóró ni a kò gbọdọ̀ tú. Kí a mọ èyí tí a dá fún un àti èyí tí a kò dá fún un ni ọgbọ́n wà.

Bí ibà bá le lára ọmọ kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí gìrì fi mú un, tí kò lè gbé ohunkóhun mì, ọ̀nà ẹnu ti dí nìyẹn. Àwọn òbí wa a máa fi ṣíbí ya eyín ọmọ, wọ́n a sì da oògùn sí i lẹ́nu. Omi oògùn náà a gba ọ̀nà èémí lọ, ọmọ a sì kú ikú tí kì í ṣe ti gìrì. Ẹ má ṣe é. Fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà, artesunate kan wà tí a ń fi sí ihò ìdí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí bí ó ti yẹ ní ọdún 2018. Ara ibẹ̀ a gbà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà ni. Kò gba ipò ilé ìwòsàn. Bí a bá ti fi sí i tán, kí a gbé ọmọ náà, kí a máa lọ.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fò wá. Púpọ̀ nínú wa gbà pé abẹ́rẹ́ nìkan ni oògùn tòótọ́, a sì ń bínú sí oníṣègùn tí kò bá gún wa. Abẹ́rẹ́ ní àyè tirẹ̀, nígbàtí aláìsàn kò lè gbé oògùn mì, tàbí nígbàtí ikú sún mọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n iṣan ńlá kan wà tí ó gba ìdí ènìyàn kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá gún ọmọ ní ibi tí kò tọ́, iṣan náà lè bàjẹ́, ọmọ a sì máa wọ́ ẹsẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ibà lásán gbé lọ sọ́dọ̀ agúnni-lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì fi arọ padà wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà títú oògùn alápò sí ojú egbò. Ọ̀nà ìfun ni a dá a fún. Lójú egbò, kì í ṣe ìwọ̀n tí a mọ̀ ni ó ń wọlé, ó sì lè mú kí awọ ara fà ro, kí egbò sì máa pẹ́ sí i.

Ẹ má ṣe rò pé ìfẹ̀sọ̀ṣe yìí jẹ́ ohun ẹ̀rù nìkan. Nínú rẹ̀ ni ìrètí ńlá wà. Ní ọdún 2024 a kéde èsì ìdánwò kan tí a ṣe ní South Africa àti Uganda lórí lenacapavir, oògùn tí a ń gún sí abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà láti dènà kòkòrò HIV. Nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin 2,134 tí a yàn láti gbà á, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kó àrùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìlò rẹ̀ fún ìdènà àrùn náà. Ọgbọ́n tí ń mú kí hóró kan pé ọjọ́ kan ni ó ti gbòòrò títí abẹ́rẹ́ kan fi ń pé oṣù mẹ́fà.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Nígbàkúùgbà tí a bá gba oògùn, kí a bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó fún wa. Èkínní, ṣé a lè lọ̀ ọ́, kí a dá a sí méjì, tàbí kí a tú u? Èkejì, ṣé kí a jẹun kí a tó lò ó, oúnjẹ wo sì ni? Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni ó máa ń parí? Bí a bá rí SR, XL, XR, CR, MR, LA, EC tàbí Retard lẹ́yìn orúkọ oògùn, kí á má ṣe fi ṣíbí tàbí eyín kàn án àyàfi bí apòògùn bá fi àṣẹ sí i. Bí àgbà kò bá lè gbé e mì, kí a padà lọ sọ. Oògùn mìíràn sábà máa ń wà. Ní ti oògùn olómi àwọn ọmọdé, kí á fi ife tàbí ohun ìwọ̀n tí ó bá ìgò náà wá wọ̀n ọ́n, nítorí ṣíbí ilé yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ṣíbí ilé tọ̀hún. Nígbàtí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ̀wé sí Tímótì nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbàkúùgbà, kò dárúkọ wáìnì lásán. Ó sọ pé díẹ̀ ni. Ìwọ̀n wà nínú ìmọ̀ràn àpọ́sítélì pàápàá.

Ọlọ́run ṣàánú fún mi. Ìyá mi lo ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì padà wálé. Oníṣègùn pààrọ̀ oògùn wọn sí amlodipine, hóró kékeré kan tí ìfẹ̀sọ̀ṣe rẹ̀ wà nínú òun tìkára rẹ̀, tí kì í ṣe nínú èèpo tí a fi bò ó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e mì láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbé oògùn tuntun wọlé, ìbáà ṣe ti ikọ́ lásán, Màámi yóò kọ́kọ́ na ìka sí páálí rẹ̀, wọn a sì wí pé, “Akọ̀wé, ǹjẹ́ o ti ka lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀?”